Eré Tí Wọ́n Fi Kọ́ Wa Ní Ọ̀gá Ṣíṣe

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé àwọn tó kàwé kì í jowú, irọ́ ló ń pa. Mo kàwé, mo gba ìwé ẹ̀rí tíṣà, mo ti ń kọ́ ọmọ ní Ajah kí ọ̀nà ọlọ́dà tó dé ibẹ̀. Síbẹ̀, obìnrin kan wà tí mo jowú rẹ̀ débi pé bó bá wọ aṣọ tuntun jáde, oúnjẹ ọ̀sán kì í gba ọ̀nà ọ̀fun mi kọjá. Kò gba ọkọ mi, kò sì jí nǹkan mi. Tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi ni, igbákejì ọ̀gá bíi tèmi, àmọ́ ilé-ìwé tirẹ̀ wà lápá Addo.

Ó fi ọdún díẹ̀ jù mí lọ. Ará òkè ni, ọkọ ló gbé e wá sí etí ọ̀sà, ẹ̀rù omi sì ń bà á débi pé bí ọkọ̀ ojú omi bá mì díẹ̀, á di ọwọ́ aládùúgbò mú. Èmi ọmọ Ajah, ọmọ apẹja, tí mo ti mọ ọkọ̀ wà kí n tó mọ A, B, D, ṣé kì í ṣe èmi ló yẹ kí àwọn ará ìlú mi máa fi ọ̀rọ̀ ọmọ wọn lọ̀? Àwọn ìyá tó ń yan ẹja létí omi, àwọn tó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bí mi, wọ́n á kí mi tọ̀yàyà-tọ̀yàyà pé tíṣà ẹ kú iṣẹ́ o, wọ́n á sì gba iwájú ilé-ìwé mi kọjá lọ bá a ní Addo. Mo máa ń rí wọn láti ojú fèrèsé kíláàsì mi. Mo máa ń kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé náà nígbà míì.

Ohun tó tún wá ń bí mi nínú jù ni pé "àbúrò mi" ló máa ń pè mí láàárín èrò. Àbúrò ta ni? Ìgbà kan náà ni wọ́n fi àwa méjèèjì jẹ igbákejì ọ̀gá. Bó bá ti pè mí bẹ́ẹ̀, àwọn tíṣà yòókù á máa wò wá bí ẹni pé òun ni ìyáálé, èmi ni ìyàwó. Mo máa ń rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ̀rín yẹn kì í kọjá eyín.

Lásìkò yẹn, ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ilé olówó pọ́ọ́kú sí Ìlàsàn. Ìròyìn jáde pé ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tuntun ń bọ̀ níbẹ̀ àti pé wọ́n ń wá ẹni tí wọ́n máa fi ṣe ọ̀gá. Orúkọ èmi àti obìnrin yìí ló ń jà lẹ́nu àwọn èèyàn. Mo fẹ́ ipò yẹn débi pé mo ti yan aṣọ tí n ó wọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ti mọ ibi tí n ó gbé àga mi kọjú sí, mo sì ti mọ bí n ó ṣe máa dá a lóhùn bó bá wá kí mi kú oríire. Bí wọ́n bá fún un, n ò mọ bí n ó ṣe máa gbé láàárín ìlú mi.

Ṣùgbọ́n wàhálà ti wà nílẹ̀ kí ilé-ìwé náà tó ní òrùlé. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ń sọ pé orí ilẹ̀ baba wọn ni, ọmọ tiwọn ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọlé. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń kó bọ̀ wá sínú ilé tuntun ń sọ pé torí àwọn ni wọ́n ṣe kọ́ ọ. Àwọn káfíńtà àti bíríkìlà tó kọ́ ilé ọ̀hún náà ní ọmọ, kò sì sí ẹni tó dárúkọ wọn. Ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ní àwọn ò fẹ́ ọ̀gá tó máa gbè sẹ́yìn ẹnì kan, wọ́n wá pe gbogbo àwa tí wọ́n ń wò fún ipò ọ̀gá, ní Ìlàsàn àti láwọn ibòmíì, pé ká wá gba ẹ̀kọ́ nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn. Kíláàsì kan ní Ajah la ti ṣe é, òjò sì ń rọ̀ ní gbogbo ìgbà.

Màmá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n rán sí wa. Obìnrin tínńrín ni, ojú rẹ̀ sì le. Mo ti mú bírò méjì dání, mo ti jókòó síwájú, mo ń dúró kó máa sọ, kí n máa kọ. Ó ní ká kó bírò wa sápò. Ó gbé tábìlì kan sí àárín, ó gbé àga kan sẹ́yìn rẹ̀, ó ní ọ́fíìsì ọ̀gá nìyẹn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wa ló máa jókòó síbẹ̀ ṣe ọ̀gá, àwọn yòókù á ṣe òbí, wọ́n á gbé ọ̀rọ̀ wá, ọ̀gá á dá a. Tíṣà ọkùnrin kan tó wá láti apá Lẹ́kkí ní ṣé eré ọmọdé la wá ṣe níbí ni. Màmá ní bí wọ́n bá fẹ́ kọ́ ọmọ ní ọkọ̀ wíwà, ibi tí omi ò ti jìn ni wọ́n ń mú un lọ. Ó ní bí a bá ṣi ẹjọ́ dá nínú yàrá yìí, kò sí ọmọ tó máa torí ẹ̀ sunkún lọ sílé, bẹ́ẹ̀ òun á máa wò wá, òun á sì sọ ohun tí òun bá rí fún ọ́fíìsì.

Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ ní kí n bọ́ síbẹ̀. Inú mi dùn, mo tún gèlè ṣe, mo jókòó. Ọ̀rọ̀ tí Màmá gbé kalẹ̀ ni pé àyè ẹyọ kan ṣoṣo ló kù ní kíláàsì kìíní, òbí mẹ́ta sì ń bọ̀. Tíṣà Lẹ́kkí ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Tíṣà kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Lárúbáwá, èèyàn jẹ́jẹ́ kan báyìí, ṣe káfíńtà. Obìnrin Addo ló ṣe ìyá àgbà apẹja tó mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá.

Ẹ gbà mí lọ́wọ́ obìnrin yìí. Ó tú gèlè rẹ̀, ó fi di ìbàdí, ó fa ìró rókè, ó tẹ̀ kọ́ọ́kọ́ọ́ wọlé bí àwọn ìyá wa létí omi, ó sì wó lulẹ̀ sórí eékún méjèèjì níwájú tábìlì mi. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣàánú mi."

N ò mọ ìgbà tí mo dìde. Ọmọ Yorùbá wo ló máa jókòó sórí àga kí àgbà wà lórí eékún níwájú rẹ̀? Nínú eré o, lójú ayé o, ó jù mí lọ. Mo ti sáré yí tábìlì po, èmi náà ti kúnlẹ̀, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ń wí pé ẹ dìde mà, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi mà, mo ti gbọ́, mo ti fún yín, ẹ mú ọmọ wá lọ́la. Àwọn tíṣà ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, mo rò pé mo ti ṣe dáadáa. Tíṣà Lẹ́kkí ṣe bí ẹni tó bínú, ó jáde.

Màmá dúró títí ariwo fi rọlẹ̀. Ó wá bi mí pé bàbá tó wà lẹ́nu ọ̀nà ńkọ́, kí ni wọ́n bá wá? Mo yíjú. Tíṣà Lárúbáwá wà níbẹ̀, ó ṣí fìlà, ó dì í mú lọ́wọ́, kò tíì sọ gbólóhùn kan láti ìgbà tó ti wọlé. Mi ò rí i rárá. Màmá ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ti ní àgbà tó lè kúnlẹ̀ fún un ló máa rí àyè ní ilé-ìwé mi, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò ní ìyá àgbà ńkọ́?

Ara mi gbóná. Mo ní obìnrin yìí mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, ó mọ̀ pé òun jù mí lọ, ó sì mọ ohun tí ìkúnlẹ̀ rẹ̀ máa ṣe sí mi. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ó gbọ́ mi, kò bínú, kò tu irun kan lára rẹ̀. Ó ń wé gèlè rẹ̀ padà, ó ní ohun tí wọ́n ń ṣe fún òun lójoojúmọ́ ni òun ṣe, àbúrò mi. Ó tún pè mí ní àbúrò rẹ̀ níbẹ̀ yẹn.

Mo délé, mo rò ó fún ọkọ mi. Mo ń dúró kó bá mi bínú. Ó gbọ́ ọ tán, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní obìnrin yẹn gbọ́n o. Mo gbé oúnjẹ fún un lálẹ́ ọjọ́ yẹn láìfi ẹja sí i, èmi ọmọ apẹja. Ó wo àwo, ó wo ojú mi, ó sì jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó kan obìnrin Addo láti ṣe ọ̀gá, mo bẹ Màmá pé kí n ṣe ọ̀kan nínú àwọn òbí. Mo ti múra sílẹ̀. Ọwọ́ tó fi na èmi ni mo fẹ́ fi na òun náà. N ó kúnlẹ̀, n ó sunkún, n ó fi orúkọ àwọn òkú ọ̀run bẹ̀ ẹ́, ká wo ọgbọ́n tó máa dá. Èmi, tíṣà Lẹ́kkí àti tíṣà Lárúbáwá la jọ ṣe òbí, àyè ẹyọ kan náà ni.

Kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó lanu, ó ti fa bẹ́ńṣì kan wá síwájú, ó ti gbé àga tirẹ̀ kúrò lẹ́yìn tábìlì, ó gbé e sí etí bẹ́ńṣì náà. Ó ní ká jókòó. Èmi ò jókòó. Mo wó lulẹ̀ bó ṣe wó, mo ké, mo na ọwọ́ sí i. Kò fò dìde. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, ó fi ọwọ́ kan èjìká mi, ó sì rọra sọ̀rọ̀.

"Ẹ dìde, mà. Bí ẹ bá wà nílẹ̀ yìí, ẹ̀yin nìkan ni n ó máa rí."

Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Mo dìde, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tíṣà Lárúbáwá bí ọmọ tí wọ́n ní kó lọ jókòó. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kéré jù ló kọ́kọ́ bi léèrè, káfíńtà nìyẹn. Ó tún bi òṣìṣẹ́ ìjọba. Kò bi wá pé iṣẹ́ wo là ń ṣe tàbí ọmọ ilé ta ni wá. Ó ń bi wá nípa ọmọ: ta ló máa ń mú un dé ilé-ìwé, kí ló máa ń ṣe bó bá kù ú ku òun nìkan, ilé-ìwé wo ló ti lọ rí. Nígbà tó kàn mí, ó kọjú sí mi, ó ní, màmá, irú ọmọ wo ni tiyín?

Mo ti ṣètò irọ́ tí n ó pa. Ọmọ apẹja kan tí bàbá rẹ̀ bá omi lọ, tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn. Gbogbo rẹ̀ parẹ́ lọ́kàn mi. Bóyá torí bó ṣe kọjú sí mi ni, bóyá torí pé eré ni, n ò mọ̀. Mo gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ̀rọ̀ ọmọ bíbí inú mi.

Kò sí tíṣà kan nínú yàrá yẹn tó mọ̀ pé mo bí i. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ló wà, ní abúlé kan ní òdìkejì ọ̀sà. Ọ̀rọ̀ kì í já gaara lẹ́nu rẹ̀. Ó ti tó ọmọ ilé-ìwé, ọwọ́ ló ṣì fi ń sọ púpọ̀ nínú ohun tó fẹ́, èyí tó bá sì fi ẹnu sọ, àwọn ọmọ á máa sín in jẹ. Ilé-ìwé tí mo kọ́kọ́ mú un lọ, ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n fi í sí, wọ́n sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Mo mú un kúrò, mo mú un lọ fún ìyá mi, mo ń sọ fún àwọn èèyàn pé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni. Tíṣà ni mí, ẹ sì mọ ẹnu ayé. Mo ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣeré, àmọ́ ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. A ń gbọ́ òjò lórí páànù.

Obìnrin náà bi mí pé ta ló máa ń gbọ́ ohun tí ọmọ yìí bá sọ. Mo ní ìyá àgbà rẹ̀ ni. Ó ní ẹ̀yin ńkọ́? Mo ní nígbà míì.

Ó wá dá ẹjọ́ náà. Ó fún káfíńtà ní àyè, torí pé kò sí ilé-ìwé tó ti gba ọmọ rẹ̀ rí, òun nìkan ló sì máa ń dá wà láàárín àwọn ọkọ̀ tó ń kó yanrìn nígbà tí bàbá rẹ̀ bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó sọ fún òṣìṣẹ́ ìjọba pé ó ní mọ́tò, ó lè gbé ọmọ dé Addo títí àyè míì á fi yọ. Èmi ló wá kọjú sí kẹ́yìn.

"Mi ò fún yín, màmá, ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n ẹ máa mú un wá bá mi lọ́sàn-án, bí ilé-ìwé bá ti ṣẹ́, kí èmi náà lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ohun tó ń sọ."

Wọn ò fún mi o. Obìnrin tí mo fẹ́ dójú tì fi mí sílẹ̀ lọ́wọ́ òfo níwájú gbogbo èèyàn, ohun tó sì ń bọ̀ lẹ́nu mi ni ẹ ṣé mà. Mo gbé e mì. Owú tó jẹ mí lọ́jọ́ yẹn ju gbogbo èyí tó ti ń jẹ mí tẹ́lẹ̀ lọ, torí pé tẹ́lẹ̀, aṣọ rẹ̀ ni mò ń rí àti àwọn ìyá tó ń kọjá lójú fèrèsé mi. Mo wá rí ohun tí wọ́n ń lọ bá níbẹ̀ wàyí, mo sì mọ̀ pé èmi ò ní i.

Lọ́jọ́ tí a máa túká, Màmá ní ó ku eré kan. Ó pe èmi àti obìnrin Addo síwájú, ó ní ká dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó ní kí gbogbo àwọn yòókù ro ọmọ tiwọn, ọmọ tó wà nílé gan-an, kí wọ́n sì lọ dúró sẹ́yìn ẹni tí wọ́n máa fẹ́ kó jẹ́ ọ̀gá ọmọ náà ní Ìlàsàn. Gbogbo wa la mọ̀ pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ipò yẹn máa já sí.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Àwọn ọmọ ìlú mi wá sẹ́yìn mi. Tíṣà Lẹ́kkí wá sẹ́yìn mi. Tíṣà Lárúbáwá lọ sẹ́yìn rẹ̀, àwọn bíi mélòó kan tẹ̀ lé e. Mo wẹ̀yìn wò, mo rí i pé ìlà tèmi gùn ju tirẹ̀ lọ. Ẹ ò lè mọ bí ara mi ṣe yá tó. Mo ti rí ilé-ìwé náà, mo ti rí àga náà, mo ti rí i tó ń bọ̀ wá kí mi. Òun ń rẹ́rìn-ín músẹ́ níbi tó dúró sí, ó ń kí mi kú oríire pẹ̀lú ojú. Kò tilẹ̀ jọ pé ó dùn ún, ìyẹn náà sì tún ń bí mi nínú.

Màmá wá ní, "Ẹ̀yin méjèèjì náà, òbí ni yín, ẹ yan tiyín."

Obìnrin Addo dúró sí àyè rẹ̀, àwọn ọmọ tirẹ̀ ti dàgbà. Èmi náà ìbá dúró sí àyè mi, ta ni ì bá bi mí? Èèyàn ló ń yan ara rẹ̀, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Mo fẹ́ dúró. Mo fi gbogbo ara fẹ́ ẹ. Àmọ́ wọ́n ti ní ká ro ọmọ, mo sì ti rò ó, mo rí i lẹ́yìn pátápátá kíláàsì níbi tí wọ́n gbàgbé rẹ̀ sí, mo sì bi ara mi pé bó bá wà ní ilé-ìwé tí mo jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, ṣé n ó rí i. Inú bí mi. Mo kúrò níwájú ìlà mi, mo gba àárín yàrá kọjá, mo lọ dúró sẹ́yìn obìnrin yẹn. Tíṣà Lẹ́kkí ń bi mí pé ibo lẹ ń lọ, tíṣà. Àwọn kan nínú àwọn tó wà lẹ́yìn mi wo ara wọn, wọ́n sì tẹ̀ lé mi.

Òun ni wọ́n fún ní ilé-ìwé Ìlàsàn. Mo lọ kí i kú oríire, mo wọ aṣọ tí mo ti yàn fún ara mi. Nígbà tí wọ́n ṣí i, mo lọ gba ọmọ mi lọ́wọ́ ìyá mi, mo mú un lọ fún obìnrin náà, n ò sì pè é ní ọmọ ẹ̀gbọ́n mi mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú sáà kejì, mo tètè dé láti wá mú un. Ilé-ìwé ti ṣẹ́. Mo bá wọn lórí bẹ́ńṣì lẹ́bàá ògiri, obìnrin náà àti ọmọ mi, wọn ò rí mi. Ọmọ náà ń sọ nǹkan, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì ṣàpèjúwe, ọ̀rọ̀ ń há, ó ń fà á yọ, kò dúró. Obìnrin náà tẹ́tí sí i títí tó fi sọ ọ́ tán, ó wá bú sẹ́rìn-ín, ọmọ náà sì bú sẹ́rìn-ín, wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín ohun tó sọ. Mo dúró síbẹ̀, èmi tí mo bí i, n ò mọ ohun tó sọ.